Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: DSLR Ni Kí N Rà Ni Àbí Kámẹ́rà Tó Ń Wọ Àpò?

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lórí kámẹ́rà lóṣù yìí pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibì kan náà ló sì ń dun gbogbo wọn: owó díẹ̀ ti wà nílẹ̀, wọ́n fẹ́ ra kámẹ́rà, wọn ò wá mọ̀ bóyá DSLR tí ò wọ́n púpọ̀ ni kí wọ́n rà, ìyẹn kámẹ́rà ńlá tó ṣeé yọ lẹ́ǹsì rẹ̀, àbí èyí pẹlẹbẹ tó ń wọ àpò. Mo mú lẹ́tà mẹ́ta nínú wọn, torí ohun tí màá sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọra.

Bọ̀dá Fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní London fẹ́ ra kámẹ́rà ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n mú ọ̀kan nínú méjì: Canon EOS 2000D tó jẹ́ DSLR pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó bá a wá, tàbí Canon G7 X Mark II tó ń wọ àpò, tòkunbọ̀ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe ni pé kí n ya àwọn àgbà ilé wa tó ṣẹ́kù, kí n ya àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó ládùúgbò, kí n ya ọdún Òkè'bàdàn, kí n sì tún àwọn fọ́tò aláwọ̀ dúdú-àti-funfun tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù ìyá mi yà kí kòkòrò tó jẹ ẹ́ tán. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn àǹtí mi ìbejì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti kú nígbà tí wọ́n yà á, èyí tó kù ni fọtogíráfà yà lẹ́ẹ̀mejì tó wá so pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gba ńlá, ó ní èyí kékeré yẹn ohun ìṣeré ọmọdé ni. Kí lẹ rí sí i? – Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn.

Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Kékeré yẹn ni kí wọ́n rà fún yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa kí ọ̀rẹ́ yín náà lè gbọ́ ọ.

Inú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀, òun ló jókòó síbi tí fíìmù máa ń wà láyé ìgbà tí ẹ ṣì ń lọ fọ fọ́tò. Ti 2000D yẹn jẹ́ mílímítà 22.3 sí 14.9, ti G7 X jẹ́ 13.2 sí 8.8, ti àwọn kámẹ́rà alápò tí ò lówó lórí tí gbogbo wa mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ju nǹkan bíi 6.2 sí 4.6 lọ, ìyẹn kò ju èékánná ọmọdé lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣírò fífẹ̀ wọn, ti 2000D fẹ̀ tó ti G7 X lọ́nà mẹ́ta, ó sì fẹ̀ tó ti olówó kékeré yẹn lọ́nà méjìlá. Ẹ wò ó bí ìgbà tí òjò ń rọ̀, ẹnì kan gbé báàfù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹnì kan gbé ife síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lòjò yẹn. Tí òjò bá ń rọ̀ gan-an kálukú á rí omi tó pọ̀ gbé wọlé, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ó kàn ń kán tótó-tótó, oní-ife ò ní rí nǹkan gidi, ìdí nìyẹn tí fọ́tò kámẹ́rà kékeré fi máa ń rí wínníwínní bí ẹni da iyanrìn sí i tílẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ibi tí ọ̀rẹ́ yín dúró sí nìyẹn, kò sì parọ́. Àmọ́ ó gbàgbé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Lẹ́ǹsì lọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, òun ló ń da ìmọ́lẹ̀ sínú báàfù, tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bá sì tín-ín-rín, kí ni báàfù ńlá fẹ́ ṣe? Lẹ́ǹsì 18-55 tó máa ń bá 2000D wá, ojú rẹ̀ ò lè ṣí ju f/3.5 lọ níbi tó ti ń wo ibi tó gbòòrò, tẹ́ ẹ bá fa súùmù rẹ̀ dópin ó di f/5.6. Ti G7 X bẹ̀rẹ̀ láti f/1.8, tẹ́ ẹ bá fa tòun dópin f/2.8 ni, bẹ́ẹ̀ bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí tó. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú lẹ́ǹsì ti kékeré yẹn wọlé tó ti ńlá lọ́nà bíi mẹ́rin. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbé méjèèjì sínú pálọ̀ kan náà lálẹ́, báàfù tó fẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó fi ìlọ́po mẹ́rin tín-ín-rín, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kékeré tiẹ̀ á fi díẹ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, wọ́n á ra ńlá, lẹ́ǹsì tó bá a wá yẹn ni wọ́n á máa lò ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, ó wá ń yà wọ́n lẹ́nu pé fọ́tò alẹ́ àwọn ò mọ́. Ẹni tó bá máa ra lẹ́ǹsì míì kún un ni DSLR máa ń wúlò fún jù, ẹ̀yin ò sì sọ pé ẹ fẹ́ ra lẹ́ǹsì míì.

Ti àwọn ilé àtijọ́ yẹn ńkọ́? Mo mọ Bẹẹrẹ, mo mọ bí ilé ṣe fún mọ́ra wọn níbẹ̀. Kò sí ibi tẹ́ ẹ máa fà sẹ́yìn sí kí gbogbo iwájú ilé lè wọnú fọ́tò, ẹ̀yìn yín á ti kan ògiri ẹlòmíì. Nọ́ńbà 18-55 tó wà lára lẹ́ǹsì yẹn, mílímítà ni, bó bá ṣe kéré tó ni ibi tí lẹ́ǹsì ń rí ṣe ń gbòòrò tó, bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó. Lẹ́ǹsì 18 yẹn lórí 2000D, tẹ́ ẹ bá fi wé kámẹ́rà fíìmù ayé ọjọ́un, bíi 29 ló ń ríran, ti G7 X ń ríran bíi 24. Ìyàtọ̀ yẹn kéré létí ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà tóóró òun ló máa sọ bóyá òrùlé ilé náà á wọlé tàbí wọ́n á gé e lórí. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fa eégún tàbí ẹlẹ́ṣin tó wà lọ́ọ̀ọ́kán mọ́ra lọ́jọ́ ọdún, ti 2000D dúró síbi tó jọ 88, ti kékeré dé 100.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ká mi lára jù. 2000D pẹ̀lú bátìrì àti lẹ́ǹsì rẹ̀ sún mọ́ gíráàmù 700, G7 X jẹ́ 319. Ìyá tó bí ìyá mi, Ìsẹ́yìn ló gbé, lọ́dún tó lò kẹ́yìn láyé mo ń lọ kí i lóṣooṣù, kámẹ́rà ńlá mi sì máa ń wà nílé torí mo máa ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ kọ́ ni mò ń lọ ṣe, kí ni mo fẹ́ gbé ẹrù wúwo lọ fún. Lọ́jọ́ kan mo bá a níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ́ ọmọ àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń ran òwú, oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí àwọn méjèèjì lójú, àwọ̀ wọn ń dán bí idẹ, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ àfi fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Fọ́tò ìyàwó oníyàwó kún inú kọ̀ǹpútà mi bámúbámú, mi ò ní ìyẹn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa ya àwọn àgbà ilé, ẹ ò mọ ọjọ́ tí ìyá kan máa rẹ́rìn-ín báyìí tàbí tí bàbá kan máa dá ìtàn sílẹ̀, kámẹ́rà tó wà nínú àpò bùbá yín nígbà náà nìkan ló máa rí i.

Nǹkan míì tún wà. Àwọn àgbà wa, tí wọ́n bá ti rí kámẹ́rà ńlá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró, wọ́n á lọ pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n á kọjú síwájú gbọnrangandan. Fọ́tò yẹn náà ṣe pàtàkì o, ẹ máa yà á fún wọn ná, torí bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ọmọ-ọmọ rí àwọn nìyẹn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti yà á tán ẹ má gbé kámẹ́rà kúrò, ẹ gbé e lé itan, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ, ojú kámẹ́rà yẹn ṣeé gbé sókè kẹ́ ẹ máa wò ó látòkè bí ẹni ń wo abọ́, ẹ ò ní í fi bo ojú yín, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀.

Fọ́tò ìbejì yẹn, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni gbé jáde nílé. Irú rẹ̀ wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yorùbá nígbà kan, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, fọtogíráfà á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀, tó bá jẹ́ pé takọtabo ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wọ ti obìnrin fún un lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ọ̀pọ̀ ló ti ṣòfò báyìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un yà, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò lọ́sàn-án, kí oòrùn má ràn tààrà sí i, ẹ pa iná pálọ̀, ẹ pa fíláàṣì, torí fíláàṣì máa ń dán lórí bébà fọ́tò. Ẹ wá fa súùmù dé àárín, torí tẹ́ ẹ bá lo ibi tó gbòòrò jù, etí fọ́tò á tẹ̀. Kí kámẹ́rà dojú kọ ọ́ gbọọrọ, kó má dàgbẹ̀gbẹ̀, ẹ gbé e lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lo èyí tó máa ń ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó yà á, kí ọwọ́ yín má bàa mì ín.

Kékeré náà ní àléébù tirẹ̀. Bátìrì rẹ̀ kì í ju fọ́tò 265 lọ lórí ṣájì kan nínú ìdánwò ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ti 2000D jẹ́ 500, nítorí náà kí ọmọ yín fi bátìrì kejì sí i, ẹ mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Kò ní ihò tí wọ́n ń fojú kan wò, tóòrùn bá mú gan-an lọ́sàn-án ẹ máa fọwọ́ ṣíji bo ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ríran. Èyí tó burú jù ni lẹ́ǹsì rẹ̀ tó ń yọ jáde tó sì ń padà sínú, tí eruku ọyẹ́ tàbí iyanrìn bá kó sí i á há, àtúnṣe rẹ̀ ò rọrùn. Ẹ wá àpò kékeré tó ní síìpù fún un, ẹ má jù ú sápò lásán. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ilé ìtajà tó ń fún tòkunbọ̀ ní gárántì ni kó ti rà á, kó tàn án kó sì pa á lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó fetí sí i bóyá lẹ́ǹsì ń rá.

Ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Òṣogbo, kámẹ́rà ọ̀gá mi ni mo fi kọ́ṣẹ́ torí náà mi ò ní tèmi. Páàtì ni mo fẹ́ máa yà, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà. Mò ń wo Nikon D3500 tàbí Canon 2000D, tòkunbọ̀, àmọ́ àwọn kan ní kámẹ́rà kékeré ló wà lóde báyìí, pé àwọn ọmọge fẹ́ràn bí fọ́tò rẹ̀ ṣe máa ń rí. Ọ̀rẹ́ mi sì fẹ́ ta Nikon 50mm f/1.8D fún mi lówó pọ́ọ́kú, àti fíláàṣì Yongnuo YN560. Ṣé kí n rà wọ́n? – Ọmọ Iṣẹ́, Òṣogbo.

Àbúrò mi, o kú oríire fúrídọ́ọ̀mù. Ní tìẹ, DSLR ni, má wulẹ̀ ronú nípa kékeré. Àwọn tó ń sọ pé kékeré ló wà lóde ò parọ́, àwọn ọmọ fẹ́ràn fíláàṣì rẹ̀ tó máa ń mú ojú dán gbàyẹ̀ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá ìyàwó bá san owó fún ẹ, kò sanwó nítorí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní ibi tí wàá ki fíláàṣì gidi sí lórí, bátìrì ò ní bá ẹ dé ìdajì ọjọ́, lẹ́ǹsì ò ṣeé pààrọ̀, bí ọ̀pọ̀ wọn sì ṣe ń wá fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí fọ́tò mọ́ kedere, nínú òkùnkùn falẹ̀, tí bàbá bá ti ń náwó fún ìyàwó lójú agbo, ṣe lo máa máa ya ẹ̀yìn èèyàn. DSLR, jígí inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó o rí nǹkan bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, bó o bá ti tẹ̀ ẹ́ ló mú un.

Ṣùgbọ́n dúró o, kó o má tíì san kọ́bọ̀. Àwọn nǹkan tí ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ tà fún ẹ yẹn, ìjàǹbá wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní í sọ fún ẹ ní ṣọ́ọ̀bù.

Nikon D3500, àti gbogbo D3000 ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní mọ́tò tó ń yí fókọ́ọ̀sì nínú ara kámẹ́rà. Inú lẹ́ǹsì ni mọ́tò gbọ́dọ̀ wà, ìyẹn àwọn tí wọ́n kọ AF-S tàbí AF-P sí lára. 50mm f/1.8D tí ọ̀rẹ́ rẹ ní yẹn ò ní mọ́tò, á wọ kámẹ́rà náà dáadáa, á ya fọ́tò, àmọ́ ọwọ́ ni wàá máa fi yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ fúnra rẹ, níbi ijó. Má rà á. Tó bá jẹ́ Nikon lo máa lò, AF-S 50mm f/1.8G tàbí AF-S DX 35mm f/1.8G ni kó o wá.

Canon 2000D náà ní tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ń ki fíláàṣì sí lórí kámẹ́rà, píìnì kan máa ń wà láàárín gbùngbùn rẹ̀ tó ń sọ fún fíláàṣì pé ó yá. Canon yọ píìnì yẹn kúrò lára 2000D àti 4000D tó jáde lọ́dún 2018. Tí YN560 bá wà lórí kámẹ́rà, kò ní nǹkan míì tó gbọ́kàn lé ju píìnì yẹn lọ, wàá kì í síbẹ̀, wàá tẹ̀, kò ní mọ́lẹ̀ rárá. Mo ti rí ọmọ tó gbé e lọ sóde ìgbéyàwó láìdán an wò nílé, ṣe lọmọ náà ń sunkún lẹ́yìn kánópì. 1300D tí Canon ṣe lọ́dún 2016 ní píìnì yẹn, D3500 náà ní i.

Torí náà ohun tí èmi máa ṣe tí mo bá jẹ́ ẹ: màá wá 1300D tòkunbọ̀ tó mọ́, màá gba fíláàṣì ọ̀rẹ́ mi, owó tó bá ṣẹ́kù màá fi ra Canon 50mm f/1.8 STM. Megapixel 18 tó wà nínú 1300D, ìyẹn mílíọ̀nù méjìdínlógún ẹ̀ka kékeré tó ń para pọ̀ di fọ́tò, kò sí aláṣọ ẹbí tó máa bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń fọ fọ́tò tó ṣeé gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀. Tó bá sì jẹ́ D3500 ló dùn mọ́ ẹ, mi ò ní bá ẹ jà, bátìrì rẹ̀ tiẹ̀ ń gbé e dé fọ́tò 1,550 nínú ìdánwò wọn, ìyẹn máa ń pa mí lérìn-ín ayọ̀ tí mo bá rántí iye bátìrì tí mo máa ń kó lọ sóde. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé DSLR ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òótọ́ ni, èyí tí ò ní jígí nínú làwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe báyìí, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì EF tí Canon bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1987 kún ọjà bí èèrà, ọjọ́ tó o bá sì bọ́ sórí tuntun wọn, ohun àsopọ̀ kan wà tó máa jẹ́ kó o gbé 50mm rẹ lọ síbẹ̀, fókọ́ọ̀sì á ṣì máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Lẹ́ǹsì 50mm yẹn, gíráàmù 160 péré, òun ló máa sọ ẹ́ di fọtogíráfà lójú oníbàárà. Tó o bá fa lẹ́ǹsì 18-55 dé nǹkan bíi 50, f/5.6 ni, èyí ń ṣí dé f/1.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Àmọ́ má ṣí i tán tó o bá ń ya tọkọtaya o, torí tí ìyàwó bá fi díẹ̀ ṣáájú ọkọ, ojú ìyàwó á mọ́, tọkọ á ṣe bàìbàì, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Lo f/4 fún èèyàn méjì, tó bá di gbogbo mọ̀lẹ́bí padà sórí 18-55 rẹ, torí 50 lórí Canon yìí ń ríran bíi 80, nínú pálọ̀ wàá fà sẹ́yìn títí wàá fi bọ́ sínú kíṣìnnì.

Fíláàṣì náà, má kọ ọ́ sí wọn lójú. Yí orí rẹ̀ sókè kí ìmọ́lẹ̀ lọ kan àjà kó tó padà sọ̀ kalẹ̀ sára èèyàn, ó máa ń dà bí ìmọ́lẹ̀ wíńdò. Kánópì funfun dára fún èyí ju họ́ọ̀lù olówó ńlá lọ nígbà míì. Àmọ́ wo òkè kó o tó yí i, tó bá jẹ́ pé aṣọ búlúù tàbí pọ́pù ni wọ́n fi ṣe àjà lọ́ṣọ̀ọ́, àwọ̀ yẹn ló máa sọ̀ kalẹ̀ sójú ìyàwó, kò sì sí bó o ṣe máa fọ̀ ọ́ kúrò tán nínú kọ̀ǹpútà.

Èyí tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn jù lọ nìyí, torí àwọn ọ̀gá wa ò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wa. Kámẹ́rà, gbogbo ohun tó bá rí ló fẹ́ sọ di ìwọ̀n àárín, kò dúdú, kò funfun. Ìyá arúgbó tó dúdú dáadáa wọ léèsì funfun, ó wé gèlè funfun, ó jókòó síwájú ògiri funfun. Kámẹ́rà á ní, 'ó ti mọ́lẹ̀ jù', á bá din ìmọ́lẹ̀ kù, léèsì á wá rí bí eérú, ojú ìyá á sì dúdú tí èèyàn ò ní rí ìlà ojú wọn mọ́. Ìyá yẹn ló ni ọjọ́, ojú wọn làwọn ọmọ sì fẹ́ rí. Bọ́tìnì kan wà tó ní àmì + àti − lára, dì í mú kó o yí i lọ sí +1, nígbà míì kó kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀, wo ojú ìyá lẹ́yìn kámẹ́rà, má wo aṣọ. Tó bá jẹ́ aṣọ dúdú ni ìdílé wọ̀ fún òkú, tí ẹ̀yìn wọn náà ṣókùnkùn, òdìkejì ni, kámẹ́rà á fẹ́ mú kí gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, àwọ̀ ara wọn á ṣí bí ẹni bóra, yí i lọ sí −. Àwọ̀ àwọn èèyàn wa dára, kò yẹ kí fọ́tò sọ wọ́n di òkùnkùn tàbí kó sọ wọ́n di òyìnbó.

Tó o bá dé ọjà, bóyá Computer Village ní Ìkẹjà ni o tàbí ibòmíì, gbé tọ́ọ̀ṣì dání, yọ lẹ́ǹsì, tan iná sínú rẹ̀, tó o bá rí nǹkan tó jọ òwú aláǹtakùn nínú dígí, ó ti bu nìyẹn, ọ̀rinrin òjò ló ń fà á, fi í sílẹ̀. Ya ojú ọ̀run funfun ní f/22, tí àmì dúdú kékeré-kékeré bá wà lórí fọ́tò, ìdọ̀tí sẹ́ńsọ̀ ni, ìyẹn ṣeé nù. Tó bá jẹ́ Nikon, ya fọ́tò kan, gbé e sínú kọ̀ǹpútà, iye ìgbà tí kámẹ́rà náà ti ya fọ́tò wà nínú fáìlì yẹn. Tẹ gbogbo bọ́tìnì. Ṣí mẹ́nù rẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn Sony kan tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan, èdè Japan nìkan ló wà nínú wọn.

Káàdì, ra méjì, má rà á lójú títì. Èmi ra 64GB kan rí lọ́wọ́ ẹnì kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sí i lára, apá kejì ìgbéyàwó ọmọ kan ló bá a lọ, mo san owó wọn padà, mo sì tún lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọ náà. Ojú káàdì kan péré ló wà nínú kámẹ́rà méjèèjì tó ò ń wò yìí, torí náà tí ìdána bá parí yọ káàdì yẹn, fi í sápò àyà rẹ, fi òmíì sí i fún gbígbàlejò. Má sì pa nǹkan kan rẹ́ títí wọ́n á fi gba fọ́tò wọn lọ́wọ́ ẹ.

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, WhatsApp ni mo fi ń polówó. Mo rí kámẹ́rà kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí, wọ́n ní megapixel 48, fídíò 4K, súùmù 16, owó rẹ̀ ò sì wọ́n rárá. Ṣé ó máa dára ju fóònù mi lọ? – Ìyá Aláró.

Ẹ má rà á, Ìyá. Megapixel 48 tí wọ́n kọ yẹn, kámẹ́rà inú rẹ̀ kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń fẹ fọ́tò kékeré lójú kó lè dà bíi ńlá. Súùmù 16 yẹn náà, tí ẹ ò bá rí lẹ́ǹsì tó ń yọ jáde tàbí tó ń rìn nínú, á jẹ́ pé ó kàn ń gé àárín fọ́tò ni. Fóònù yín sàn jù ú lọ.

Ohun tó ń ba fọ́tò àdìrẹ jẹ́ ni pé inú ṣọ́ọ̀bù lẹ máa ń yà á, ìmọ́lẹ̀ ìta ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, gílóòbù tó pọ́n ń tàn lókè, fóònù ò wá mọ èyí tó máa tẹ̀ lé, aró á yọ pọ́pù tàbí kó ṣú. Ẹ pa gílóòbù, ẹ gbé aṣọ sẹ́nu ọ̀nà níbi òjìji tí oòrùn ò ti ràn án tààrà, ẹ na aṣọ funfun kan sódìkejì kó máa da ìmọ́lẹ̀ padà sí i. Ẹ ya odindi aṣọ kan, ẹ wá sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ ya àwòrán inú rẹ̀ nìkan, kí wọ́n rí ibi tí ẹ̀kọ tàbí ìdì ti dí aró lọ́wọ́, torí ohun tí àwọn oníbàárà òkè òkun fi ń mọ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá yà á tán, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi wéra kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.